Àwòrán Rọ́ṣíà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún mi: báwo ni a ṣe ń mọ ojúlówó kí a tó gbé e lọ sí gbàǹjo?

Ìyá Ìbejì (London) béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ kan dé bá mi tí mi ò lè dá gbé. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi tọ́jú ìyá àgbà kan ní ìlà-oòrùn London níbí. Nígbà tí ìyá náà papòdà lọ́dún tó kọjá, agbẹjọ́rò rẹ̀ kọ̀wé sí mi pé ó fi àwòrán tí ó wà lára ògiri pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún mi nínú ìwé ìhágún rẹ̀.

Àwòrán igbó ni, ọ̀dà olóròóró ni wọ́n fi kùn ún sórí aṣọ. Ó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 91, ó sì ga ní 62. Àwọn igi ńláńlá dúró lápá ọ̀tún, odò tóóró kan ń ṣàn gba àárín, ìmọ́lẹ̀ oòrùn sì ń gba inú ewé bọ́ sórí omi náà. Ní ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún ni wọ́n kọ orúkọ kan sí pẹ̀lú lẹ́tà àwọn ará Rọ́ṣíà: èyí tí ó ṣáájú dà bí N tí wọ́n kọ sódì, èyí tí ó kẹ́yìn dà bí b kékeré tí ó dé fìlà, ọdún 1871 sì tẹ̀lé e. Ìwé ẹ̀rí kan wà nínú àpòòwé, ọdún 2003 ni wọ́n kọ ọ́, onímọ̀ kan ní Moscow ni ó fọwọ́ sí i pé Ivan Shishkin, ayàwòrán igbó ará Rọ́ṣíà tí ó lókìkí, ni ó ya àwòrán náà. Ìyá sọ fún mi nígbà ayé rẹ̀ pé ọdún yẹn gan-an ni ọkọ òun rà á lọ́wọ́ oníṣòwò kan.

Ọkùnrin kan tí ó ń ta ohun àtijọ́ ti wá wò ó. Ó ní òun yóò san £9,000 lówó bí mo bá gbà kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Ọmọ mi ọkùnrin wo orí íntánẹ́ẹ̀tì, ó ní iye tí wọ́n ń ta àwòrán Shishkin lé ní ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn dáadáa. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Mi ò fẹ́ kí wọ́n rẹ́ mi jẹ, mi ò sì fẹ́ fi ohun tí kì í ṣe òtítọ́ lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Àwòrán yẹn ni ìyá máa ń kọjú sí nígbà tí kò lè dìde mọ́.

Atúnwòránṣe dáhùn:

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá àgbà. Iṣẹ́ títún àwòrán àtijọ́ ṣe ni mo ń ṣe, ó ti di ọdún mẹ́rìnlá báyìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì gba owó ọkùnrin yẹn, ẹ má sì tíì gbà pé Shishkin ni ó ya àwòrán náà. Ohun tí ẹ kọ bà mí lẹ́rù, nítorí pé ọdún 2003, ìwé ẹ̀rí láti Moscow, igbó àti odò tóóró, gbogbo rẹ̀ jọ ìtàn kan tí gbogbo àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí mọ̀.

Ní 2004, ilé gbàǹjo Sotheby's ní London fẹ́ ta àwòrán odò àti igbó kan ní orúkọ Shishkin. Iye tí wọ́n fojú dá lé e jẹ́ £550,000 sí £700,000, ìwé ẹ̀rí láti mùsíọ́mù Tretyakov ní Moscow sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n lù ú ní gbàǹjo ni wọ́n yọ ọ́ kúrò, nítorí pé àṣírí tú pé àwòrán yìí kan náà ni wọ́n ti tà ní Stockholm lọ́dún tí ó ṣáájú, ní nǹkan bí $65,000, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ Marinus Koekkoek, ará Họ́láńdì. Ẹni tí ó rà á, tàbí ẹni tí ó gbà á lọ́wọ́ ẹni tí ó rà á, ti pa orúkọ Koekkoek rẹ́, ó ti pa àwọn ohun kan rẹ́ nínú àwòrán náà, tí ọmọ àgùntàn kan wà lára wọn, ó sì ti kọ orúkọ Shishkin sí i. Kì í ṣe èèṣì ni wọ́n fi yan Shishkin. Ó ti gbé ní Düsseldorf, ní Jámánì, ní àárín àwọn ọdún 1860 láti kọ́ṣẹ́ sí i, nítorí náà àwọn àwòrán igbó tí ó yà nígbà náà fara jọ ti àwọn ará Jámánì àti Họ́láńdì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kàn yín nìyí. Aṣọ àwòrán Koekkoek yẹn pẹ́ lóòótọ́, ọ̀dà rẹ̀ náà pẹ́ lóòótọ́. Bí wọ́n bá ti gbé e wá sọ́dọ̀ mi pé kí n yẹ ọjọ́ orí rẹ̀ wò, ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ǹ bá sọ, mi ò sì ní purọ́. Àwọn ènìyàn máa ń retí pé kí a wá ọ̀dà funfun titanium, tí àwọn ayàwòrán kò tíì rí rà lọ́jà kí ó tó di nǹkan bí 1920, nígbà tí Shishkin ti kú láti 1898. Tàbí búlúù phthalocyanine, tí kò jáde títí di àárín àwọn ọdún 1930. Bí a bá rí wọn nínú ara àwòrán gan-an, ọ̀rọ̀ parí, a ti mú ẹni tí ó jókòó ya ayédèrú láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra àwòrán àtijọ́ tí ó jẹ́ ti ará Dẹ́nmákì tàbí Jámánì, tí ó kàn yí orúkọ ara rẹ̀ padà, ibi tí irọ́ tirẹ̀ wà kò ju ìbú ìka mẹ́ta lọ. Ibẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò.

Ẹ ra tọ́ọ̀ṣì UV kan, èyí tí ń tan irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú lásán kò rí, owó rẹ̀ kò pọ̀. Kí ilẹ̀ ṣú, kí ẹ pa gbogbo iná, kí ẹ sì mú tọ́ọ̀ṣì náà ní ẹ̀gbẹ́, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má ṣe gún ojú àwòrán tààrà. Fáníìṣì àtijọ́, ohun dídán tí wọ́n fi oje igi ṣe tí wọ́n fi ń bo ojú àwòrán, yóò máa tàn bí omi ewé. Ohun tí wọ́n bá kùn lé e lórí lẹ́yìn náà yóò dúdú. Lẹ́yìn náà, ẹ fi gíláàsì tí ń mú nǹkan tóbi wo lẹ́tà orúkọ náà. Ojú àwòrán tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún máa ń sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ àbàtà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ayàwòrán bá kọ orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó parí iṣẹ́, lẹ́tà náà yóò sán pẹ̀lú ohun tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ìlà tí ó sán yóò gé e kọjá. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀yìn ọdún púpọ̀ ni wọ́n kọ ọ́, ọ̀dà lẹ́tà náà yóò ti ṣàn wọnú àwọn ìlà tí ó ti sán tẹ́lẹ̀, bí omi ṣe ń wọ pàlàpálá ilẹ̀.

Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú: igi tí wọ́n na aṣọ lé, ìṣó, òǹtẹ̀, bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, nọ́ńbà tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀. Jọ̀ọ́, ẹ má fi omi, ọṣẹ tàbí kànrìnkàn kàn án rárá.

Akọ̀wé Gbàǹjo dáhùn:

Ohun tí Atúnwòránṣe sọ ni òtítọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kíkọ ọ̀rọ̀ tí ó ń wọ inú kátálọ́ọ̀gì, ìwé tí ilé gbàǹjo fi ń ṣàpèjúwe ọjà rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí owó ṣe ń tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ.

Bí kátálọ́ọ̀gì bá kọ orúkọ ayàwòrán ní kíkún, tí kò fi nǹkan kan kún un, ilé gbàǹjo náà ń sọ pé òun gbà pé ẹni yẹn ni ó yà á. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé wọ́n kà á sí iṣẹ́ rẹ̀, ọkàn wọn kò balẹ̀ tán. Ìsàlẹ̀ ìyẹn ni èyí tí wọ́n bá ní ó ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ jáde, lẹ́yìn náà ti àwọn tí ó yí i ká, lẹ́yìn náà ti ẹni tí ó tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, títí dé àwòkọ. Ti ìbuwọ́lù náà ní ìyàtọ̀ tirẹ̀: bí wọ́n bá ní ayàwòrán náà buwọ́ lù ú, ọ̀tọ̀ ni, bí wọ́n bá ní ìbuwọ́lù kan wà lára rẹ̀, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn rí orúkọ ṣùgbọ́n àwọn kò gbà pé ọwọ́ ẹni tí ó ni ín ni ó kọ ọ́. Orí àtẹ̀gùn kọ̀ọ̀kan ni owó ti ń já, ó sì lè já débi pé ohun tí yóò kù kò ní tó ìdá mẹ́wàá.

Owó ńlá tí ọmọ yín rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe irọ́. Àwòrán tí Repin, ayàwòrán Rọ́ṣíà mìíràn, ya nípa ilé kọfí kan ní Paris ní 1875 ta £4.5 mílíọ̀nù ní ilé gbàǹjo Christie's ní 2011. Àwòrán Constantinople tí Aivazovsky, ayàwòrán Rọ́ṣíà pẹ̀lú, yà ní 1856 ta £3.2 mílíọ̀nù ní Sotheby's ní 2012. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó wà lẹ́yìn owó náà. Ti Repin, wọ́n ti pàtẹ rẹ̀ ní Salon, ìpàtẹ àwòrán ńlá kan ní Paris, ní ọdún tí ó parí rẹ̀, àwọn ènìyàn ti kọ̀wé nípa rẹ̀, kò sí ẹni tí yóò béèrè pé níbo ni ó ti wá. Ti Aivazovsky, nǹkan bí 6,000 àwòrán ni a gbọ́ pé ó yà láyé rẹ̀, kékeré àti ńlá, nítorí náà orúkọ rẹ̀ nìkan kò dá iye kan pàtó lé àwòrán. Títóbi rẹ̀, ohun tí ó yà, ọdún tí ó yà á, bí ojú rẹ̀ ṣe rí, àti ọwọ́ tí ó ti gbà kọjá ni yóò sọ bóyá ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni tàbí mílíọ̀nù. Bí a bá ń dá iye lé àwòrán, èyí tí ó sún mọ́ ọn jù lọ nínú àwọn tí wọ́n ti tà rí ni à ń wá. A kì í mú èyí tí ó gbówó lórí jù ṣe òdiwọ̀n.

Ní ti ìwé ẹ̀rí 2003 yẹn, kò sí ilé gbàǹjo gidi tí yóò fi í nìkan ṣe ẹ̀rí lónìí. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń lé e bá. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ Koekkoek, àwọn onímọ̀ ní Rọ́ṣíà fúnra wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi kátálọ́ọ̀gì àtijọ́ láti Yúróòpù wé àwọn àwòrán tí wọ́n ti fọwọ́ sí, ẹ̀rù sì ba gbogbo ènìyàn: àwọn àwòrán igbó láti Dẹ́nmákì, Jámánì àti Họ́láńdì ti di ti àwọn ayàwòrán Rọ́ṣíà bíi Shishkin, Kiselev tàbí Orlovsky. Ní 2006, mùsíọ́mù Tretyakov dáwọ́ dúró, kò kọ ìwé ẹ̀rí fún àwọn tí ó ń ta àwòrán mọ́. Láti 2007, àjọ ìjọba Rọ́ṣíà tí ó ń bójú tó ohun àṣà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé tí ó fi fọ́tò àwòrán kọ̀ọ̀kan hàn, bí ó ṣe rí nígbà tí wọ́n tà á ní Yúróòpù àti bí ó ṣe rí lẹ́yìn tí wọ́n yí i padà.

Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un nípa orúkọ ara àwòrán. Nínú àwòrán Shishkin tí ó lókìkí jù, tí wọ́n yà ní 1889, níbi tí béárì àti àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣeré lórí igi tí ó wó, ayàwòrán mìíràn, Konstantin Savitsky, ni ó ya àwọn béárì náà, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Pavel Tretyakov, ẹni tí ó dá mùsíọ́mù Tretyakov sílẹ̀, ni ó rà á, òun ni ó sì ní kí wọ́n nu orúkọ Savitsky kúrò. Ojúlówó àwòrán nìyẹn o, lára ògiri mùsíọ́mù, orúkọ ara rẹ̀ kò sì sọ gbogbo òtítọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń wo orúkọ kẹ́yìn.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè ni èyí: irú igi wo ni ó wà nínú àwòrán yín? Shishkin mọ igi bí àgbẹ̀ ṣe mọ iṣu. Bí ó bá ya igi pine, ẹ óò rí i bí èèpo rẹ̀ ṣe ń bó. Bí ó bá ya koríko, ẹni tí ó mọ koríko lè pè é lórúkọ. Ṣé èèpo igi yín là, ó ṣe gbágungbàgun, àbí ó dán, tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí eérú?

Ìyá Ìbejì padà wá:

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin ọmọ mi, Olúwa yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́. Èmi àti ọmọ mi ṣe gbogbo rẹ̀ lálẹ́ àná.

Nígbà tí a tan tọ́ọ̀ṣì náà, gbogbo àwòrán tàn bí omi ewé lóòótọ́, àfi ibi méjì. Orúkọ náà dúdú kirikiri, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan yọ bí ẹni pé wọ́n fi èédú kọ ọ́ sórí gíláàsì. Ibì kejì wà lápá òsì ní ìsàlẹ̀, níbi tí ojú lásán kò ti rí nǹkan kan ju koríko lọ: bátànì dúdú kan tí ó gùn tó ìka ọwọ́ mi, tí etí rẹ̀ kò tẹ́jú. Ọmọ mi fi gíláàsì wo lẹ́tà tí ó kẹ́yìn, èyí tí ó dé fìlà yẹn, ó ní ọ̀dà rẹ̀ wọnú ìlà tí ó sán bí gbòǹgbò. Mo wò ó fúnra mi, bẹ́ẹ̀ ni ó rí. Ọkàn mi bàjẹ́, mi ò purọ́.

Igi náà, èèpo rẹ̀ dán, àwọ̀ eérú ni. Ní ẹ̀yìn, wọ́n ti fi bébà aláwọ̀ ilẹ̀ bo igi tí wọ́n na aṣọ lé, ṣùgbọ́n ó ti ya ní igun kan. A rí bébà kékeré kan lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fà ya, ìdajì ọ̀rọ̀ kan péré ni ó kù lára rẹ̀. Lẹ́tà kan wà níbẹ̀ tí mi ò rí rí: o tí wọ́n fi ìlà gba inú rẹ̀ kọjá.

Akọ̀wé Gbàǹjo dáhùn:

Mà, ẹ pẹ̀lẹ́. Ohun tí ẹ rí yìí wúlò gan-an.

Èèpo tí ó dán, tí ó ní àwọ̀ eérú, igi beech ni ó jọ, igi yẹn kì í sì hù ní igbó àárín Rọ́ṣíà tàbí ní àyíká St Petersburg níbi tí Shishkin ti ń ṣiṣẹ́. Mi ò lè fi ìyẹn nìkan dájọ́, torí pé Shishkin ya igi beech nígbà tí ó wà ní Switzerland ní 1863. Ṣùgbọ́n 1871 ni wọ́n kọ sára tiyín, ó sì ti padà sílé láti 1865. O tí ìlà gba inú rẹ̀, ø, lẹ́tà àwọn ará Dẹ́nmákì àti Norway ni. Kò sí nínú èdè Rọ́ṣíà, àwọn ará Jámánì àti Swídìn náà kò lò ó, ààmì méjì ni wọ́n ń fi lé orí o tiwọn. Igbó beech tí odò gba inú rẹ̀, ìgbà náà gan-an ni àwọn ayàwòrán Dẹ́nmákì ń ya irú rẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀.

Ìwọ̀n àwòrán ni ohun tí àwọn tí ń ṣe ayédèrú kì í sábà lè yí padà. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú férémù, tàbí kí ẹ ní kí ẹnì kan bá yín yọ ọ́, kí ẹ sì wọn aṣọ náà gan-an, torí pé 62 àti 91 tí ẹ kọ lè jẹ́ ibi tí ojú rí nìkan. Èmi yóò fi ìwọ̀n náà wá inú àkọsílẹ̀ gbàǹjo Copenhagen, olú ìlú Dẹ́nmákì, láàárín 1998 àti 2003. Mo ti rí àwòrán méjì lọ́nà yìí rí.

Ọkùnrin oní £9,000 yẹn ń kọ mí lóminú. Iye náà kéré jù fún Shishkin, ó sì pọ̀ jù fún àwòrán igbó ará Dẹ́nmákì tí orúkọ rẹ̀ ti sọnù, tí ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn bíi mélòó kan máa ń tó. Ẹni tí ó bá san iye tí ó wà láàárín méjèèjì, ó ṣeé ṣe kí ó fẹ́ gbé e lọ sí ibòmíràn pẹ̀lú orúkọ àti ìwé ẹ̀rí yẹn.

Ọmọ Agbẹjọ́rò dáhùn:

Mo fẹ́ sọ díẹ̀ nípa òfin, nítorí pé London ni ẹ wà. Ohun tí ẹ rí lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì yìí, ẹ ti mọ̀ ọ́n báyìí, ẹ kò lè ṣe bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Lábẹ́ òfin Fraud Act 2006, ẹni tí ó bá ta nǹkan pẹ̀lú orúkọ tí ó mọ̀ pé irọ́ ni ti dẹ́ṣẹ̀. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ àti fọ́tò, kí ẹ sì fi tó agbẹjọ́rò ìyá àgbà létí, torí pé iye tí wọ́n bá kọ fún ìjọba nítorí owó orí ogún gbọ́dọ̀ jẹ́ iye tí àwòrán náà lè tà lọ́jà ní ọjọ́ tí ìyá kú.

Àwọn ilé gbàǹjo ńlá máa ń fún ẹni tí ó rà ní ọdún 5 láti dá ayédèrú padà. Ní 2005, ilé iṣẹ́ kan ra àwòrán obìnrin tí ó sùn ní ìhòòhò ní Christie's ní £1.7 mílíọ̀nù, ní orúkọ Boris Kustodiev, ayàwòrán Rọ́ṣíà kan. Ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ gíga ní London, ní 2012 adájọ́ ní ó ṣeé ṣe jù pé kì í ṣe Kustodiev ni ó yà á, owó sì gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ ẹni tí ó rà á. Bí owó bá ní láti padà bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó tà ni ilé gbàǹjo yóò yíjú sí.

Ẹ má sì retí ọjà tí ó wà kí 2022 tó dé. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà kógun wọ Ukraine, Sotheby's, Christie's àti Bonhams fagi lé gbàǹjo àwòrán Rọ́ṣíà tí wọ́n fẹ́ ṣe ní oṣù kẹfà ọdún náà, òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ká àwọn tí ó fẹ́ fi ọjà olówó ńlá ránṣẹ́ sí Rọ́ṣíà lọ́wọ́ kò.

Ìyá Ìbejì dáhùn:

Mo ti pe ọkùnrin náà, mo sọ fún un pé n kò tà. Ó béèrè bóyá mo lè ta ìwé ẹ̀rí nìkan fún un. Mo pa fóònù náà.

Ọmọ mi yọ férémù lówùúrọ̀ yìí. Aṣọ náà jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 64.5 ní gíga àti 93 ní fífẹ̀. Lábẹ́ etí férémù, lápá òsì, tààrà lábẹ́ bátànì dúdú yẹn, ìlà ọ̀dà aláwọ̀ ilẹ̀ kan kù tí ó dà bí ìrù lẹ́tà tí wọ́n gbàgbé láti pa rẹ́. Mo ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí Akọ̀wé Gbàǹjo. Ní Ọjọ́bọ̀, màá gbé àwòrán náà wá sọ́dọ̀ Atúnwòránṣe, bí ó bá lè gbà mí láyè, kí ó bá mi wò ó bóyá orúkọ ẹni tí ó yà á ṣì wà lábẹ́ ibẹ̀. Bí a bá rí i, orúkọ yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ sára férémù.